Èèkù Awọ Kì Í Ṣe Èèpo Iṣu

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a kò bá tí ì mú èèkù idà lọ́wọ́, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Ẹ kíyè sí i pé èèkù ni wọ́n dárúkọ, wọn kò dárúkọ ojú idà. Ohun tí ó mú mi rántí òwe yìí ni àríyànjiyàn tí ó bẹ́ sílẹ̀ láàrin wa nígbà tí a ń palẹ̀ mọ́ fún ìpàtẹ ohun àtijọ́ ní sáà tí ó kọjá. Títí di òní ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ṣì ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà lé e lórí. Mo gbà kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í ṣe èsì, ìdí nìyí tí mo fi mú kálàmù.

Ọ̀bẹ kan ni ó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Àbúrò bàbá mi kan tí wọ́n kàwé ní Amẹ́ríkà ni ó rà á ní ọjà àlòkù níbẹ̀, wọ́n sì mú un bọ̀ wálé. Ọ̀bẹ ológun ni, irú èyí tí àwọn ọmọ ogun Marine ti Amẹ́ríkà tẹ́wọ́ gbà ní ọdún 1942, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń gbóná ní àwọn erékùṣù òkun Pàsífíìkì. KA-BAR ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é, nítorí orúkọ tí ilé iṣẹ́ Union Cutlery ti ìlú Olean ní ìpínlẹ̀ New York ń tẹ̀ sára tirẹ̀; ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn, bí Camillus àti Robeson, ṣe é pẹ̀lú. Ojú rẹ̀ gùn ní ínṣì méje. Irin rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí kì í dógùn-ún.

Èèkù rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a fi ara balẹ̀ wò. Kì í ṣe igi, kì í ṣe ìwo, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe awọ kan ṣoṣo tí a wé mọ́ irin bí ìgbà tí a bá ń wé ọ̀já. Wọ́n gé awọ kéékèèké bí wáṣà, wọ́n lu ihò sí àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń tì wọ́n bọ ìrù irin tí ó jáde láti ara ojú ọ̀bẹ, bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀, títí tí èèkù fi kún. Wọ́n wá fún wọn pọ̀ pinpin láàrin irin ìdábùú tí ń gba ìka lọ́wọ́ ewu àti irin tí wọ́n fi dé ìdí èèkù. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fá a kí ó lè bá àtẹ́lẹwọ́ mu, wọ́n sì fa ìlà yí i po kí ó má baà yọ̀ nígbà tí òógùn tàbí òjò bá bá a. Ẹni tí ó bá rí i tí kò bá yà á lẹ́nu, ojú rẹ̀ ni kò ríran.

Awọ a máa mu omi, a sì máa gbẹ. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọgọ́rin ọdún, yóò súnkì, àlàfo yóò yọ láàrin wáṣà kan àti èkejì, èèkù yóò sì máa mì bí eyín arúgbó. Bí ti wa ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ní ohun kan lára tí n kò rí rí lára ọ̀bẹ mìíràn: ẹnì kan ti fi ohun mímú gbẹ́ lẹ́tà méjì sára awọ náà. A kò mọ orúkọ ẹni náà. A kò mọ̀ bóyá ó padà sílé. Lẹ́tà méjì yẹn nìkan ni ó kù láti sọ pé ọwọ́ ènìyàn kan di ọ̀bẹ yìí mú.

Ọ̀gá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún nínú iṣẹ́ ọwọ́ bá wa gbà á, wọ́n ní kí àwọn bá wa tún un ṣe kí àlejò tó dé. Nígbà tí n ó fi dé ibẹ̀, wọ́n ti fi sáńpépà ha ẹ̀gbẹ́ kan èèkù náà títí tí ó fi pọ́n bí awọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tà lọ́jà. Ìdajì lẹ́tà kìn-ín-ní ti lọ. Wọ́n ní kí n má bínú, pé ìdọ̀tí ni àwọn ń yọ. Àti pé bí ó bá wù mí, àwọn lè tú gbogbo awọ náà dànù kí àwọn fi igi rọ́pò rẹ̀, kí àwọn sì fi Araldite lẹ̀ ẹ́ kí ó má mì mọ́ láé. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é, èmi náà mọ̀. Àwọn tí wọ́n gbè wọ́n lẹ́yìn lẹ́yìn náà ni mo ń bá jà, àwọn tí wọ́n ń sọ pé títún ohun àtijọ́ ṣe ni kí a sọ ọ́ di tuntun.

Mo bi yín: bí bàbá àgbà bá ṣàìsàn, ṣé orí rẹ̀ ni a ó fá kí ewú má baà hàn mọ́, kí a tó sọ pé ara rẹ̀ ti yá? Dúdú tí ó wà lára awọ yẹn, òógùn ọwọ́ àti ọdún ni. Ewú ni. Sáńpépà kò mọ ewú yàtọ̀ sí ìdọ̀tí, ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ó jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ní ti Araldite, ohun tí a bá fi lẹ̀ kì í ṣeé tú mọ́ láìba ohun tí ó mú jẹ́. Bí ẹni tí ó gbọ́n jù wá lọ bá dé ní ọ̀la, a ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Àwọn kan kò fara mọ́ sáńpépà, ṣùgbọ́n òrí àti epo ni tiwọn. Wọ́n ní kí a rì í sínú epo kí ó mu ún yó. Àwọn òyìnbó náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n ń fi epo tí wọ́n sè láti inú ẹsẹ̀ màlúù pa awọ gbogbo tí ó wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn; nígbà tí ó yá ni wọ́n rí i pé epo àpajù ń sọ awọ di dúdú, ó ń mú un rọ̀ jù, ó sì ń kó eruku jọ. Òrí tiwa dára fún ara ọmọ ènìyàn. Lára èèkù tí a kò lè fọ̀ lójoojúmọ́, yóò kan, èkúté yóò sì gbọ́ òórùn rẹ̀.

Kí ni kí a wá ṣe? Kò pọ̀. Kí a fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku inú ìlà rẹ̀. Kí a fi aṣọ tí a rẹ sínú ọṣẹ ìfọ-gàárì, tí a sì fún gbẹ dáadáa, nù ún. A kò gbọdọ̀ dà omi sí i, a kò sì gbọdọ̀ sá a sí oòrùn. Bí ó bá ti gbẹ nínú ilé, kí a fi ìda oyin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa á, kí a sì fi aṣọ nù ún títí yóò fi dán díẹ̀. Bí àlàfo bá pọ̀ tí ìdí èèkù sì jẹ́ irú èyí tí ó ní nọ́ọ̀tì, a lè tú u, kí a ki wáṣà awọ tuntun kan tàbí méjì bọ̀ ọ́, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé pé èyí ni tuntun. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n fi ìṣó kàn pa, ẹ jẹ́ kí ó máa mì. Ta ni yóò fi í gé iṣu?

N óò ya díẹ̀ sọ́rọ̀ àkọ̀. A máa ń pa á lówe pé ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, òdìkejì ni ó rí: àkọ̀ awọ ni ó ń ba ọ̀bẹ jẹ́. Awọ a máa mú ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, èròjà tí wọ́n fi ṣe awọ náà a sì máa jẹ irin. Nítorí náà, ẹ yọ ọ̀bẹ kúrò nínú àkọ̀ kí ẹ tó gbé e pamọ́.

Ìbéèrè tí ó dùn mí jù ni ti ẹni tí ó ní kí ni ọ̀bẹ òyìnbó ń wá ní ẹ̀ka èdè Yorùbá. Ṣé àwọn oníṣọ̀nà Ọ̀yọ́ tí ń ṣe tìmùtìmù, àpò àti làbà Ṣàngó kò mọ ohun tí awọ ń fẹ́ ni? Awọ ewúrẹ́ tí àwọn ará Kánò àti Sókótó fi èso bàgàrúwà ṣe ti la aṣálẹ̀ kọjá dé Yúróòpù kí ẹnikẹ́ni tó dá ilé iṣẹ́ ọ̀bẹ sílẹ̀ ní Olean, àwọn òyìnbó sì ń pè é ní awọ Mòrókò nítorí pé ọ̀nà ibẹ̀ ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí wáṣà awọ kan bá yẹ kí ó wọ inú èèkù yẹn, Ọ̀yọ́ ni n óò ti rà á.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ogun kan náà ni. Nígbà tí ẹni tí ó gbẹ́ lẹ́tà yẹn lè ti wà ní erékùṣù Pàsífíìkì, àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú igbó Bọ́mà ní 1944, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọkànlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n ń fi àdá la ọ̀nà ní àfonífojì Kaladan. Mo bèèrè ní ilé mẹ́ta ní àdúgbò wa tí bàbá àgbà wọn lọ sí ogun Bọ́mà: ibo ni àdá wọn wà? Ní ilé kan, wọ́n ní àwọn ti pààrọ̀ èèkù rẹ̀, wọ́n ti pọ́n ojú rẹ̀ títí ó fi tán, wọ́n sì ti tà á fún oní-panti. Ní ilé méjì yòókù, kò sí ẹni tí ó rántí pé àdá kan wà rí.

Ọ̀bẹ náà yóò wà lórí tábìlì ní ìpàtẹ tí ń bọ̀, pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ó pọ́n àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ó dúdú, lẹ́tà kan àti ààbọ̀ sì wà lára rẹ̀. N kò ní kun ẹ̀gbẹ́ tí ó pọ́n kí ó bá èkejì mu. Ẹni tí ó bá ní èsì, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn yìí, èmi yóò kà á.