Ọba Tí Ó Fi Iná Sun Ìwé
Bíbélì kíkà: Jeremáyà 36:20-32

Ọba Jèhóíákímù jókòó sí ilé ìgbà òtútù rẹ̀, iná ń jó níwájú rẹ̀. Bí wọ́n ti ń ka ìwé wòlíì sí i létí ni ó ń fi ọ̀bẹ gé e, tí ó ń jù ú sínú iná. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí wọ́n ka ìwé òfin fún Jòsáyà bàbá rẹ̀, aṣọ ara rẹ̀ ni ó fà ya. Ìtẹ́ kan náà ni bàbá àti ọmọ jókòó lé o!

Ẹ jẹ́ kí a mú un wá sílé. Ní 1984, ìjọba ológun Ọ̀gágun Muhammadu Buhari ṣe òfin tí gbogbo ayé mọ̀ sí Decree 4. Bí ìròyìn bá ti kó ìtìjú bá òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ̀wọ̀n ni, bó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́. Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti ìwé ìròyìn The Guardian, ní Ìsọlọ̀ tí kò jìnnà sí wa, gba ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Kò sí kóòtù tí wọ́n lè sá lọ.

Ní 2015, ìbò gbé ẹni kan náà wọlé. Ní 2021 ìjọba rẹ̀ ti Twitter pa fún oṣù méje. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí àwọn ènìyàn gba kóòtù ECOWAS lọ, ó sì dá wọn láre ní 2022. (N kò fi èyí bú òkú o.) Ènìyàn kò yí padà, ilẹ̀kùn kóòtù ni ó ṣí. Síbẹ̀, ìjọba alágbádá ní ọ̀bẹ tirẹ̀: òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 ti gbé akọ̀ròyìn púpọ̀ dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ní 1994, nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Abacha ti Concord, Punch àti Guardian pa, ọ̀dọ́ tí ń darí àdúrà ni mí ní Festac. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni a ń gbàdúrà fún àwọn aláṣẹ. N kò rántí ọjọ́ kan tí a gbàdúrà fún akọ̀ròyìn, bẹ́ẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin wa níbí ni ẹ̀wọ̀n Kirikiri wà. Ẹ̀rù ni, a sì pè é ní ìtẹríba.

Elinátánì, Deláyà àti Gemaráyà, ará ààfin ni wọ́n, oúnjẹ ọba ni wọ́n ń jẹ. Síbẹ̀ wọ́n bẹ ọba pé kí ó má ṣe sun ìwé náà. Kò gbọ́, ṣùgbọ́n orúkọ wọn wà nínú Bíbélì.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, bí a bá ti dárúkọ ààrẹ àti gómìnà tán, kí alàgbà má ì tíì ṣe àmín. Ó ku àwọn akọ̀ròyìn.