Ojú Lásán Kọ́ La Fi Ń Wọn Ẹ́ńjìnì

  Àwa tí à ń ta pátì mọ́tò la ní ọ̀rọ̀ bá gbogbo ẹ̀yin ọmọ Yorùbá Kàdúná sọ lónìí. Ọ̀rọ̀ náà lè má dùn mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn nínú, àwa fúnra wa náà wà ńbẹ̀.

Tí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, ṣebí gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ ń rú èéfín, tó ń jẹ ọ́ìlì, á ní kí mẹkáníìkì bá òun tú ẹ́ńjìnì kí òun lè rí i gbé lọ sílé. Mẹkáníìkì á tú u, á fi bẹntiróò fọ̀ ọ́, á gbé e sóòrùn, á tẹjú mọ́ ọn díẹ̀. Á ní, "Alàájì, búlọ́ọ̀kù yìí ṣì dáa. Ẹ kàn ra ríǹgì àti bẹ́ríìnì wá." Owó àjọ á jáde. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n á ti tò ó padà. Kò sẹ́ni tó wọn nǹkan kan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìdílé kan láàrin wa lọ́dún tó kọjá nìyẹn. Bàbá, ìyàwó, ọmọ mẹ́rin àti ìyá àgbà ló wà nínú ọkọ̀. Wọ́n kọjá Lọ́kọ́ja tán, ẹ́ńjìnì nọ́kì, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Ẹ mọ irú ọ̀nà tó jẹ́ lálẹ́. Ọlọ́run ló rán onítírélà kan sí wọn tó fà wọ́n dé ibi tí èèyàn wà. Nígbà tí wọ́n padà dé, ọ̀rọ̀ tó gba ẹnu gbogbo wa ni pé ayé ni, pé àwọn ará ilé kò fẹ́ kó délé.

Ayé kẹ̀! Ṣé ayé ló ní kí wọ́n má wọn kíráńkì? Nígbà tí wọ́n tú ẹ́ńjìnì náà, kíráńkì ti jẹ, wọ́n sì lọ fi bẹ́ríìnì STD sí i. Ọ́ìlì ò lè dúró sáàrin wọn. Ta ló ta bẹ́ríìnì náà? Ọ̀kan nínú àwa ọlọ́jà ni. A kò bi wọ́n léèrè ìwọ̀n, a gba owó wa, a dákẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n a wà lọ́jà, orí ọmọ wọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì Toyota tí à ń lò, tí ojú tọ́ọ̀pù sílíńdà tó dojú kọ búlọ́ọ̀kù bá ti tẹ̀ ju 0.05 mm lọ, kò dáa mọ́. Ewé ìwé kan ṣoṣo nípọn tó nǹkan bíi 0.1 mm. Ohun tí à ń wá kò ju ìdajì ewé ìwé lọ nìyẹn. Ojú ta ló rí ìyẹn nínú oòrùn?

Nítorí náà, kí ẹ tó san owó ríǹgì, ẹ jẹ́ kí tọ́nà ṣe nǹkan wọ̀nyí. Kó wọn ihò pístọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan lókè, láàrin àti nísàlẹ̀, ní ìbú àti ní òró. Ìgbà mẹ́fà ni fún ihò kan. Òkè ló sábà máa ń jẹ jù. Tí ihò bá ti jẹ kọjá ààlà, ríǹgì tuntun ò lè wò ó sàn, àfi kí wọ́n gbẹ́ ẹ fún pístọ́ọ̀nù tó tóbi jù ú lọ, tàbí kí wọ́n fi sílíìfù sí i. Kó fi èékánná fa ojú kíráńkì. Tí èékánná bá kọ́, kí wọ́n lọ̀ ọ́. Tí kò bá kọ́ náà, kó ṣì fi máíkírómítà wọ̀n ọ́n. Tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ dé 0.25 mm, bẹ́ríìnì "ten" lẹ máa rà. Tó bá dé 0.50 mm, "twenty" ni. Kó fi afẹ́fẹ́ dán tọ́ọ̀pù sílíńdà wò nínú omi, bóyá ó ti sán. Ẹ wo bẹ́ríìnì àtijọ́ náà: tí àwọ̀ bàbà bá ti yọ lójú rẹ̀, ẹ wádìí ohun tó fà á kí ẹ tó ra òmíràn.

Ẹlòmíì á ní owó tọ́nà pọ̀. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnì mìíràn, owó àtifa ọkọ̀, àti ẹ̀mí ìyá àgbà. Ẹlòmíì á ní ó ti tó ogún ọdún tí mẹkáníìkì òun ti ń ṣe é. A ò bú mẹkáníìkì o, ọ̀gá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n télọ̀ tó ti ránṣọ fún ogún ọdún ṣì ń lo téèpù. Ẹlòmíì á ní òun á kúkú ra ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ odindi. Ìyẹn náà ń fẹ́ àyẹ̀wò, torí ẹni tó lò ó lókè òkun kò bá a wá ṣàlàyé.

Ó wá kan àwa ọlọ́jà. A mọ ohun tí à ń ṣe. Ẹlòmíì nínú wa ń fi sáńpépà ha pístọ́ọ̀nù ògbólógbòó, á fi ọ́ìlì pa á, á wé e sínú ọ̀rá, á ní "kò sí àdápadà". Ìwà yẹn ò dáa, ó tó gẹ́ẹ́. Àwa kan ti fẹnu kò báyìí: a ò ní í ta bẹ́ríìnì fún ẹni tí kò bá mú ìwọ̀n wá, tí tọ́nà bá sì kọ pátì tòkunbọ̀ tí a tà, a ó gbà á padà. Ẹ bi ọlọ́jà yín bóyá òun náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá kọ̀, ẹ kọjá lọ.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà, ká sì wọ̀n ọ́n. Ọ̀kan ò dí èkejì lọ́wọ́. Ọlọ́run á gbé gbogbo wa délé láyọ̀ o.