Ẹ Jẹ́ Ká Fi Owó Wa Síbi Tí Ẹ̀gẹ́ Ti Ń Di Gàrí

Ẹ̀yin olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba tẹ́ ẹ ń dá owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lóṣooṣù, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà tí àjọ yín kì í yẹ̀, ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ti fẹ̀yìn tì tẹ́ ẹ ń wá ibi tí owó àjẹmọ́nú yín kò ní ṣègbé sí, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi owó sí iṣẹ́ àgbẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́ àgbẹ̀ lónìí ló yẹ kẹ́ ẹ fi owó òógùn yín sí.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́, nítorí òun ló pọ̀ lọ́wọ́ wa jù. Kò sí orílẹ̀-èdè kan lágbàáyé tó ń gbin ẹ̀gẹ́ tó Nàìjíríà. Èyí tá à ń wú lọ́dún kan tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 tọ́ọ̀nù. Síbẹ̀, ẹ lọ bá àgbẹ̀ tó gbìn ín ní Ìbàràpá tàbí ní Òkè Ògùn, kẹ́ ẹ bi í pé kí ló kù sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn tó sanwó ìtulẹ̀, owó àwọn tó bá a roko, owó ajílẹ̀ àti owó ọkọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ á bà yín nínú jẹ́.

Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá ti wú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ á ti máa dúdú, kò sì sí ẹni tó máa rà á mọ́. Ẹni tó gbé ọkọ̀ wá sóko mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, iye tó bá wù ú ló sì máa pè. Lọ́dún tí ọjà bá dára, tọmọdé tàgbà á gbin ẹ̀gẹ́. Tó bá fi máa tó ìkórè, ẹ̀gẹ́ á ti kún ìgboro, owó rẹ̀ á já wálẹ̀, àwọn kan á tiẹ̀ fi tiwọn sílẹ̀ nínú ilẹ̀, torí pé owó tí wọ́n máa fi wú u ju iye tí wọ́n máa tà á lọ. Èèyàn á ṣiṣẹ́ ọdún kan gbáko, á sì máa wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń jẹrà. Kò yẹ ká gbà pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbọ́dọ̀ máa rí.

Gàrí kò rí bẹ́ẹ̀. Gàrí tó gbẹ dénú, tí wọ́n dì sínú àpò tí omi ò lè wọ̀, máa wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Láfún náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní àpò gàrí nílé lè wo oníbàárà lójú, kó sọ fún un pé òun ò tíì fẹ́ tà. Àgbẹ̀ tó ní ẹ̀gẹ́ tútù ò lè sọ bẹ́ẹ̀ láéláé. Agbára láti sọ pé "mi ò tíì tà" yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi owó yín rà fún àgbẹ̀ àdúgbò yín, kẹ́ ẹ sì jèrè níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ gbọ́ ìṣirò kan. Ẹ̀gẹ́ tọ́ọ̀nù mẹ́rin sí márùn-ún ló máa ń di gàrí tọ́ọ̀nù kan ṣoṣo. Èyí tó kù, èèpo ni àti omi. Tí ibi ìyan gàrí bá wà nígboro tí oko sì jìnnà, omi àti èèpo ni à ń sanwó ọkọ̀ lé lórí kọjá gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà. Ẹ kọ́ ibi ìyan gàrí yín sẹ́bàá oko.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. A ó bó o, a ó fọ̀ ọ́, a ó rin ín, a ó dì í sápò, a ó fi jáàkì tẹ omi rẹ̀ jáde, a ó kù ú, a ó yan án. Àwọn ará Ìjẹ̀bú máa ń fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó kan dáadáa, ibẹ̀ ni adùn gàrí wọn ti wá. Àwọn obìnrin ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí, nídìí igi ìdáná, nínú èéfín tó ń ba ojú àti àyà wọn jẹ́. Àwọn wẹ́dà wa ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Àkúrẹ́ ń rọ ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ àti èyí tó ń tẹ̀ ẹ́. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ètò rẹ̀ múná dóko lè ra ẹ̀rọ méjèèjì, kó gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ, kó sì mọ ààrò tó ní ihò èéfín. Ẹ má gbàgbé omi tó ń jáde lára ẹ̀gẹ́ o. Májèlé wà nínú rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ṣàn wọnú odò tí ará abúlé ń pọn. Èèpo tí ọ̀pọ̀ ibi ń dáná sun náà, owó ni: àwọn onímọ̀ ẹran ọ̀sìn tí ọ́fíìsì wọn wà nínú ọgbà IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Ìbàdàn, ti fi hàn pé téèyàn bá lọ̀ ọ́, tó tẹ̀ ẹ́, tó sì sá a gbẹ, oúnjẹ gidi ni fún ewúrẹ́, adìyẹ àti ẹja.

Bí àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ṣe ń ta tiẹ̀ ní tútù, ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí kajú láti Ògbómọ̀ṣọ́ títí dé Kwara. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ là ń kó ránṣẹ́ pẹ̀lú èèpo lára sí Vietnam àti Íńdíà, àwọn ló ń fọ́ ọ, àwọn ló sì ń jèrè ọ̀hún. Ti kòkó náà rèé. Lọ́dún 2024, owó rẹ̀ kọjá dọ́là 10,000 fún tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé, kó tó tún já wálẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Owó kòkó àwọn bàbá wa ni wọ́n fi kọ́ Ilé Kòkó tó wà n'Ìbàdàn, èyí tí wọ́n parí ní 1965. Nígbà yẹn, ìjọba ló ń bá àgbẹ̀ kó kòkó jọ, tó ń bá a tà á. Wọ́n pa àwọn àjọ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ rẹ́ ní 1986. Látìgbà náà, bí aráàlú ò bá fúnra wọn kó ara wọn jọ, kò sí ẹni tó máa bá wọn ṣe é.

Ní báyìí, mo ní láti kìlọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2020 àti 2021, ọ̀pọ̀ èèyàn ló kó owó fún àwọn tó ní àwọn máa bá wọn dáko tí wọn ò rí rí, pé èrè ìdá márùndínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún á wọlé ní oṣù mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ wọn ò rí èrè, wọn ò sì rí ojú owó. Ẹ̀gẹ́ máa ń lò tó ọdún kan nínú ilẹ̀. Kòkó ń lò tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so. Òjò lè má rọ̀, kòkòrò lè jẹ ẹ́, darandaran lè gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá wá ṣèlérí iye kan pàtó fún yín, tó ní kò lè dín, ẹ sá fún un. Òfin ìdókòwò tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní 2025 ti ka irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ sí ọ̀ràn. Ẹ béèrè bóyá SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìdókòwò, mọ ilé iṣẹ́ náà kẹ́ ẹ tó fi kọ́bọ̀ kan sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ wà ní London àti Houston, ẹ má fi owó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo mọ́ pé kó bá yín dáko, kódà bó jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán. Ẹ gbé e gba inú ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, tó ní ìwé ìṣirò, tí èèyàn tó ju ẹyọ kan lọ sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí owó tó kúrò ní báǹkì. Ó ń dáàbò bo owó yín, ó sì ń dáàbò bo ẹ̀gbọ́n náà lọ́wọ́ ìjà ẹbí. Ẹ rí i dájú pé ìwé ilẹ̀ wà, pé gbogbo mọ̀lẹ́bí tó ni ilẹ̀ náà ló mọ̀ nípa rẹ̀.

Nípàdé ẹgbẹ́ yín tó ń bọ̀, ẹ yan èèyàn mẹ́ta, ó kéré tán kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin tó ti yan gàrí rí. Kí wọ́n lọ síbi ìyan gàrí tó sún mọ́ yín jù, kí wọ́n bi àwọn ìyá tó wà nídìí ààrò pé kí ló ń dá iṣẹ́ wọn dúró: ṣé omi ni, ṣé ẹ̀rọ ni, àbí ọ̀nà. Ohun tí wọ́n bá dárúkọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi owó yín ṣe.