Orin Ijó Tí A Ń Pín Láìdárúkọ Olórin

Èjìgbò àti Abidjan ti di ilé àti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn tó ń ti ọ̀hún bọ̀ a máa gbé coupé-décalé wálé, orin ijó onílù ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ Ivory Coast dá sílẹ̀ ní Paris ní nǹkan bí ọdún 2002. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi fóònù pín in. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló kọ ọ́? Ọ̀pọ̀ kò lè dáhùn.

Ní 2006, Brian Shimkovitz, ará Amẹ́ríkà, gbé orin kásẹ́ẹ̀tì Ata Kak, ọmọ Gánà, sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìtíì gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ayé ń jó. Olórin kò gbọ́. Àmọ́ orúkọ wà lára kásẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni ìwákiri ti bẹ̀rẹ̀, títí wọ́n fi rí i, tí wọ́n sì tún iṣẹ́ 1994 náà gbé jáde ní 2015. Orin aláìlórúkọ inú fóònù ńkọ́, kí ni a ó fi wá ẹni tó ni ín?