Nọ́ḿbà Tí Ó Wà Lára Òwú

Púpọ̀ nínú wa ni ó lè fi ọwọ́ kan aṣọ kí ó sì mọ èyí tí ó dára, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó mọ ohun tí nọ́ḿbà ara ìdì òwú ń wí. Àwa kò ka èyí sí ọ̀ràn kékeré, nítorí ibẹ̀ gan-an ni owó ahunṣọ ń gbà jò lọ.

Nígbà tí àwọn ìyá wa ń ran òwú fúnra wọn, ìka ọwọ́ ni òṣùwọ̀n. Lónìí, òwú ẹ̀rọ ni púpọ̀ nínú àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn ń lò, nọ́ḿbà ni ó sì ń ṣe alágbàsọ rẹ̀. Ní ìlànà Gẹ̀ẹ́sì, a ó ká òwú ní ìdì-ìdì, 840 ọ̀pá ní ìdì kan, a ó sì ka iye ìdì tí yóò wọn pọ́n-ùn kan. Bí ó bá gba ìdì 20, nọ́ḿbà 20 ni; bí ó bá gba 40, nọ́ḿbà 40 ni, èyí sì tín-ín-rín ju ti ìṣáájú lọ. Ṣùgbọ́n tex ń béèrè iye gíráàmù tí 1,000 mítà òwú wọ̀n. Denier, tí a fi ń wọn sílíkì àti rayon, ń béèrè ti 9,000 mítà. Nínú àwọn wọ̀nyí, bí nọ́ḿbà bá ti ń ga ni òwú ń nípọn! Nọ́ḿbà 20 ti Gẹ̀ẹ́sì tó bíi tex 30. Nọ́ḿbà 40 tó bíi tex 15. Ẹni tí ó bá rò pé nọ́ḿbà ńlá ni òwú tín-ín-rín níbi gbogbo yóò san owó òwú, yóò sì gbé okùn lọ sílé.

Lílọ́ òwú náà ní òṣùwọ̀n tirẹ̀: iye ìgbà tí ó yí láàárín ínṣì tàbí mítà kan. Bí ó bá kéré jù, òwú a máa já lórí òfì. Bí ó bá pọ̀ jù, a máa ká kò, aṣọ a sì le. Apá tí ó yí sí ni a ń fi lẹ́tà S tàbí Z pè, gẹ́gẹ́ bí ìlà àárín lẹ́tà náà ti dagun. (Z kò sí nínú ábídí wa, ṣùgbọ́n kí a tó mọ lẹ́tà kankan ni àwọn ìyá wa ti ń lọ́ òwú.)

Àwọn kan ń wí pé iṣẹ́ ahunṣọ ni kí ó hun, kí ó fi ìṣirò sílẹ̀ fún olówò. Àwa kò gbà. Kí àwọn ìjòyè tí ọjà wà lábẹ́ wọn pàṣẹ pé kí a kọ ìwọ̀n òwú sójú ìsọ̀ ní èdè Yorùbá, kí a sì gbé òṣùwọ̀n kan sí ọjà tí ahunṣọ yóò fi yẹ òwú wò kí ó tó sanwó: 100 mítà òwú tex 30 yẹ kí ó wọn gíráàmù 3.