Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Ní sáà tó kọjá, ọ̀kan nínú wa gbé laptop rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nígboro Port Harcourt níbí, nítorí Windows kọ̀, kò ṣí. Wọ́n ní àfi kí àwọn fọ́máàtì rẹ̀. Ó gbà. Nígbà tí ó gbà á padà, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n project rẹ̀ ti lọ.

Lójú tiwa, àìmọ̀ wa pín nínú ẹ̀bi náà.

Àwa tí a dàgbà ní Diobu mọ ilé face-me-I-face-you dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni dísíìkì kọ̀ǹpútà rí: ilé kan, yàrá púpọ̀. Yàrá wọ̀nyí ni à ń pè ní partition. Lórí ẹ̀rọ òde òní tó ń lo UEFI, yàrá kékeré kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni àwọn fáìlì boot wà. Bí a bá tan ẹ̀rọ, ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yà kí ó tó mọ yàrá tí Windows ń gbé. Bí fáìlì wọ̀nyí bá bàjẹ́, Windows kò ní ṣí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wa ṣì lè wà níbi tí a fi í sí láìfarapa. Àṣẹ kan tí ń jẹ́ bcdboot, tó wà nínú Windows fúnra rẹ̀, lè tún wọn kọ. Ta ní í tìtorí kọ́kọ́rọ́ tó bàjẹ́ wó ilé?

Láti October 14, 2025 tí Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró, púpọ̀ nínú wa ló ń fi Windows 11 sórí ẹ̀rọ. Bí a bá ń fi í sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò to àwọn yàrá náà sílẹ̀ lójú wa: System, Reserved, Primary, Recovery. Ẹni tó bá tẹ Delete sí gbogbo wọn ti wólé nìyẹn.

Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ oníṣẹ́ ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ẹ da iṣẹ́ yín kọ sínú flash kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ jáde. Ẹ fi iṣẹ́ sí yàrá tirẹ̀, kí Windows wà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn nìkan, nítorí bí dísíìkì bá kú, gbogbo yàrá ló bá a lọ. Kí ẹ sì bi oníṣẹ́ léèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé fáìlì boot ló bàjẹ́ ni, àbí dísíìkì?" Bí kò bá lè dáhùn, ẹ gbé ẹrù yín, kí ẹ máa lọ.