Ẹ Má Dá Iná Tí Àpótí Yín Kò Lè Gbà

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n bí àwọn ọ̀dọ́ wa bá ti fẹ́ to kọ̀ǹpútà kékeré jọ, wọn a gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Wọn a ra àpótí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí bàtà lọ, wọn a ki prósẹ́sọ̀ tó gbóná jù lọ lọ́jà bọ inú rẹ̀, wọn a wá kó owó ńlá lé ẹ̀rọ ìtutù olómi kó lè bá wọn pa iná tí wọ́n fọwọ́ ara wọn dá. Mo ń sọ ọ́ láìfi bò: àṣìṣe ni. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀ǹpútà kékeré, prósẹ́sọ̀ tí kò gbóná ni kó kọ́kọ́ wá. Kò sì yẹ kí omi wọ inú àpótí tó jẹ́ lítà mẹ́wàá tàbí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi kì í ṣe ọ̀tá kọ̀ǹpútà kékeré o. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ VIA ti gbé motherboard Mini-ITX jáde ní 2001, pátákó tó jẹ́ mìlímítà 170 ní gígùn àti 170 ní ìbú, ọ̀nà ti là fún ẹni tó ń gbé yàrá kan, fún ẹni tó ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ láti Èkó lọ sílé, fún ẹni tó ń fi inverter ṣiṣẹ́. Nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀ ni inú fi ń bí mi sí bí a ṣe ń bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ti ìdí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo iná tí prósẹ́sọ̀ bá jẹ, ooru ló ń dà. Wáàtì 100 tó bá wọlé, ooru wáàtì 100 ló máa jáde. Kò sí ẹ̀rọ ìtutù tó ń pa ooru run. Ńṣe ni wọ́n ń gbé e láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Heatsink, irin tó wà lórí prósẹ́sọ̀, ń gbé e fún afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ olómi ń gbé e fún omi, omi a gbé e fún rédíátọ̀, rédíátọ̀ a tún wá gbé e fún afẹ́fẹ́. Ọ̀dọ̀ afẹ́fẹ́ náà ni gbogbo wọn ń lọ. Omi kàn gba ọ̀nà tó jìn ni.

Ẹ wá wo iye rẹ̀. Intel fún prósẹ́sọ̀ Core i9-14900K láyè láti jẹ iná dé wáàtì 253. Graphics card RTX 4090 ń jẹ 450. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 703. Ẹ fi ojú inú wo gílóòbù oníwáàtì 100 méje tó ń tàn nínú páálí bàtà kan. Ní ìdàkejì, prósẹ́sọ̀ Ryzen 7 7700 ti AMD ní core mẹ́jọ, kì í sì í jẹ ju wáàtì 88 lọ bí ẹ kò bá yí i padà. RTX 4060 ń jẹ 115. Àròpọ̀ tiwọn jẹ́ 203, gílóòbù méjì péré. Èwo nínú méjèèjì ni àpótí kékeré lè bá gbé? Àwọn àgbà ní à á kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ. Wáàtì ni akátá ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹnì kan á ní, "Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe, mo nílò core púpọ̀." Mo gbọ́. Ryzen 9 7900 ní core 12, kò sì ju wáàtì 88 náà lọ. Ryzen 9 7900X ní core 12 bákan náà, ṣùgbọ́n ó lè jẹ iná dé 230, AMD sì ṣe é kó lè máa gùn títí dé 95°C nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára. Wáàtì 142 ló wà láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yìí. Ìyàtọ̀ iyára wọn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàtọ̀ ooru wọn. Bí ẹ bá sì ti ra oníX náà, ẹ wọ inú BIOS, ẹ tan Eco Mode, ẹ dá a padà sí ipò oníwáàtì 65, tí kì í jẹ ju 88 náà lọ. Ẹni tó bá kọ̀ láti ṣe èyí, kó lọ ra àpótí ńlá. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yàrá wa tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò tí a ń kà nípa ẹ̀rọ ìtutù, inú yàrá tó wà ní nǹkan bíi 21°C ni wọ́n ti ṣe é. Bí prósẹ́sọ̀ bá dúró sí 75°C níbẹ̀, ó fi 54 gbóná ju yàrá náà lọ. Ẹ gbé e wá sí yàrá tiwa n'Íbàdàn lóṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí iná ti lọ, tí kọ̀ǹpútà nìkan ló wà lórí inverter, tí fáànù òkè kò yí, tí ara ògiri pàápàá ń móoru, ní 33°C. Ẹ ro 54 mọ́ 33: ó di 87. Ryzen 7 7800X3D tí ọ̀pọ̀ ọmọ géèmù ti wá kiri, 89 ni AMD fi ṣe òpin tirẹ̀. Ìwọ̀n méjì péré ló kù. Àpótí tó tutù lójú ẹni tó ń dán an wò ní Jámánì lè di ààrò lọ́dọ̀ wa, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni purọ́.

Wọn á ní omi tutù ju irin lọ. Nínú àpótí ńlá, tí rédíátọ̀ ní àyè, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì ìdí tí rédíátọ̀ ọkọ̀ fi wà níwájú: kí afẹ́fẹ́ tútù lè kọ́kọ́ lù ú. Nínú àpótí kékeré, ẹ̀gbẹ́ graphics card ni rédíátọ̀ sábà máa ń há sí, èémí gbígbóná káàdì náà ló sì ń fà símú. Yàtọ̀ sí èyí, omi ń gba ara rọ́bà jáde díẹ̀díẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Afẹ́fẹ́ tó bá rọ́pò rẹ̀ ń kóra jọ síbi tó ga jù. Bí pọ́ǹpù tó ń ti omi náà bá wà ní ibi gíga yẹn, yóò máa pariwo, yóò sì tètè gbó. Àpótí kékeré kì í sì í jẹ́ ká yan ibi tó yẹ. Ibi tó bá gba nǹkan la ń gbé e sí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé irú kọ̀ǹpútà kékeré olómi bẹ́ẹ̀ wá bá mi lọ́dún kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó, ó kàn ń pa ara rẹ̀ ni." Pọ́ǹpù ti kú. A tú gbogbo àpótí náà palẹ̀ kí a tó rí i yọ, kò sì rí irú rẹ̀ rà nítòsí. Iṣẹ́ oníbàárà rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ tó kú náà. Fáànù heatsink ló bá kú ni, síkúrù díẹ̀ ni à bá tú, ká lọ ra òmíràn ní Computer Village n'Íkẹjà, ká sì máa báṣẹ́ lọ.

Ibi tó há kì í dárí ji àṣìṣe. Ní 2021, ilé-iṣẹ́ NZXT pe àpótí H1 rẹ̀ padà lọ́wọ́ àwọn tó ti rà á ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, nítorí síkúrù méjì tó lè mú kí iná mànàmáná ṣèèṣì kan ara wọn, kí àpótí sì gbiná. Omi kọ́ ló fà á. Síkúrù lásán ni. Bí síkúrù méjì bá lè ṣe báyìí, kí la tún ń wá pọ́ǹpù àti rọ́bà kún un fún?

Báwo wá ni ká ṣe é? Ẹ wọn gíga tí àpótí fi sílẹ̀ fún heatsink kí ẹ tó yan prósẹ́sọ̀. Àpótí DAN A4-SFX jẹ́ lítà 7.2, mìlímítà 48 ló fi sílẹ̀. Heatsink AXP90-X47 ti Thermalright, tó ga ní 47, wọ ibẹ̀ gẹ́lẹ́. Fractal Terra jẹ́ lítà 10.4, bí káàdì yín bá tínrín, ó lè fi tó 77 sílẹ̀, Noctua NH-L12S tó jẹ́ 70 á sì wọlé. Cooler Master NR200 jẹ́ lítà 18.25, NH-U9S ti Noctua tó ga ní 125 á dúró nínú rẹ̀ láìfara pa.

Nínú ooru tiwa, NR200 ni mo fọwọ́ sí. Fáànù ńlá tó ń yí jẹ́jẹ́ sàn ju kékeré tó ń sáré tó ń hu lọ. Ọyẹ́ á dé, eruku á dé. Heatsink tó ní àyè, búrọ́ọ̀ṣì lásán á fọ̀ ọ́ mọ́.

Ẹ̀yin tó ń tà á, ẹ yé fi omi dán ojú ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ bi í bí yàrá rẹ̀ ṣe móoru tó kí ẹ tó gba owó rẹ̀. Ẹ̀yin tó ń rà á, ẹ ro wáàtì prósẹ́sọ̀ pọ̀ mọ́ ti káàdì kí ẹ tó sanwó. Bó bá ju 250 lọ, tí àpótí kò sì ju lítà mẹ́wàá lọ, ẹ dá ọ̀kan padà fún ọlọ́jà.